Màmá ní àwọn ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, omi odò sì ti ń wá sílé: kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Apẹ̀tẹ̀ béèrè:

Ẹ kú òjò o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Á ṣọ́ wa, àmín. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ èmi náà ni mo fẹ́ mọ̀.

Oṣù kejì ọdún yìí la kó wá sí ilé tá a wà yìí, lápá Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn. Ilé náà mọ́ tónítóní, owó rẹ̀ ò ga, a ò sì bi ara wa léèrè ìdí tí owó rẹ̀ ò fi ga. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wá wò ó. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé, ó tó 60 ìṣísẹ̀ sí fẹ́ǹsì wa. Lásìkò tí a kó dé, ewúrẹ́ ń là á kọjá, omi kì í dé orúnkún wọn. Àwa la wà nísàlẹ̀, Tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ wà lókè.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, òjò bẹ̀rẹ̀ láago méje. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìnkùlé. Àgbàdo tí aládùúgbò wa gbìn sétí odò, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Omi náà ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá dúró níbi tó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá kó kan fẹ́ǹsì. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo dúró lójú fèrèsé, tí mò ń ka ìṣísẹ̀ yẹn.

Wàhálà mi gan-an ni ìyá ọkọ mi. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé, ọdún 78 ni wọ́n, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lóru yẹn mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gòkè lọ sọ́dọ̀ Tíṣà." Wọ́n ní àwọn ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí àwọn. Àpótí onípákó ńlá kan ni, aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣègbéyàwó wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ní ká fi sin àwọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Èmi tí omíyalé 1980 ò gbé, ṣé odò tí ewúrẹ́ ń là kọjá ni yóò wá gbé mi?" Òkè-Àrẹ̀mọ ni wọ́n ń gbé nígbà náà.

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Ó ní kí n rọra máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹnu ìyàwó ò lè tó o.

Ìgbà wo gan-an ni kéèyàn fi ilé sílẹ̀? Ta ni à ń pè? Tí ọkọ mi bá ń bọ̀ lálẹ́ Jímọ̀ tí omi sì ti gba títì ńkọ́? Kí ni mo sì lè ṣe sí ọ̀rọ̀ Màmá?

Abẹ́lẹ̀-ò-pé dáhùn:

Ẹ kó kúrò níbẹ̀. Ó tán.

Ìyá Ìbejì Apẹ̀tẹ̀:

Owó ilé ọdún méjì la san, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá mọ lándọ́ọ̀dù tó máa dá a padà, ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.

Bàbá Oníréwáyà dáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu. Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ Ìbàdàn bíi tiwọn ló ń kí wọn.

Ẹni tó wà ní Òkè-Àrẹ̀mọ lọ́dún 1980 gbọ́ ìròyìn omíyalé ni, kò rí ojú rẹ̀. Òkè tí wọ́n ń gbé ló gbà wọ́n. Èmi ní tèmi, etí odò Ògùnpa ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ réwáyà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Ọjọ́ Àìkú ni, 31 oṣù kẹjọ. Òjò rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá. Odò tí gbogbo wa ń da ìdọ̀tí sí láràárọ̀ (èmi náà dà síbẹ̀, ọ̀gá ló máa ń rán mi) ló dìde. Ìdọ̀tí yẹn gan-an ló lọ dí ojú afárá. Omi ò rọ́nà lọ síwájú, ó wá ń fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó ń wọ ilé onílé. Ṣọ́ọ̀bù wa jìn sí odò díẹ̀, a sì ti jáde. Ọ̀gá mi wá rántí bátìrì méjì tí oníbàárà gbé wá fún wa láti fi iná sí. Bátìrì méjì! Ó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ kejì la rí i lórí òrùlé ilé kan nísàlẹ̀. Ó yè, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ò gún mọ́ títí ó fi kú.

Torí náà, mi ò fi Màmá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àpótí. Mo mọ ohun tí ẹrù máa ń ṣe sí ọkàn èèyàn.

Mo tún rí ti 2011. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, 26 oṣù kẹjọ, inú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n ṣọdún. Òjò tó lé ní 180 mìlímítà rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn tó kú sì lé ní 100. Afárá Apẹ̀tẹ̀ yín yẹn bá a lọ. Ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn, ó kó ẹja inú adágún wọn, ó ba ọgbà ẹranko jẹ́. Ẹ wo déètì méjèèjì: ìparí oṣù kẹjọ. Oṣù tí wọ́n ní òjò máa ń sinmi! Ó lè jẹ́ pé ibòmíràn ló ti ń sinmi.

Ẹ bi mí ìgbà tó yẹ kéèyàn kúrò. Tí ẹ bá dúró di ìgbà tí omi kan ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ tó ronú, ẹ ti pẹ́. Ọjọ́ tí oòrùn ń ràn ni a ti ń pinnu ọjọ́ tí a máa sá. Lẹ́yìn 2011 mo kó lọ sápá Odò-Ọ̀nà (ẹ má rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ tí agbára mi ká nìyẹn), àwa mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ lándọ́ọ̀dù sì ra ọ̀dà, a lọ kun òpó afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Àmì mẹ́ta. Funfun, yẹ́lò, pupa. Kì í ṣe ojú lásán la fi pín in. Òjò ńlá mẹ́ta la kọ́kọ́ dúró wò, a mú aago sọ́wọ́, a ń kọ ọ́ sínú ìwé bí omi ṣe ń gùn ún. Ìgbà tó yára jù, láti ojú yẹ́lò dé ẹnu ọ̀nà ilé tó sún mọ́ odò jù jẹ́ 40 ìṣẹ́jú. Ní àdúgbò tiyín ó lè jẹ́ 20, ó lè jẹ́ wákàtí méjì. Odò tiyín lẹ máa wọ̀n, ẹ má yá ìwọ̀n tiwa.

Tí omi bá dé funfun, a ń gbé nǹkan kúrò nílẹ̀, a ń kó ìwé ilé àti sátífíkéètì sínú náílọ́ọ̀nù. Yẹ́lò: arúgbó, aboyún, ọmọdé, aláìsàn, gbogbo wọn á kúrò, yálà òjò ṣì ń rọ̀ tàbí ó ti dá. Pupa: kò sẹ́nì kankan tó gbọ́dọ̀ wà nínú ilé, títí kan ọkùnrin tó bá ń sọ pé òun fẹ́ ṣọ́ ẹrù.

Mo ní "tàbí ó ti dá" torí pé òjò lè ti dá lórí yín, kó ṣì máa rọ̀ níbi tí odò ti ń ṣàn bọ̀. Omi tó máa wọlé yín lè má jẹ́ omi òjò àdúgbò yín rárá.

Lóru, ọlọ́dẹ wa ló máa ń lọ tan tọ́ọ̀ṣì sí òpó yẹn ní wákàtí wákàtí tí òjò bá ń rọ̀, láti orí títì lókè, kì í sọ̀kalẹ̀ sétí omi. A fi owó díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀ nítorí ẹ̀. Fèrè ló ń fọn: ẹ̀ẹ̀kan fún yẹ́lò, àfọntúnfọn fún pupa. Ọdún tó kọjá ó fọn ọ́n lóru ẹ̀ẹ̀mejì, omi ò sì dé ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan bú u. Mo lọ fún un ní súyà.

Ní ti Màmá: ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ omi mọ́. Ọ̀rọ̀ àpótí ni kẹ́ ẹ máa bá wọn sọ. Kí ọmọ wọn tó wálé ní Jímọ̀ sọ fún wọn, ní ojúmọmọ, pé ọ̀rinrin ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí á ba aṣọ òkè jẹ́ (òótọ́ ni, ẹ fọwọ́ kan ògiri yín), kí wọ́n jẹ́ kí àpótí lọ gbé lókè lọ́dọ̀ Tíṣà títí òjò á fi tán. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Tí àpótí bá ti wà lókè, mi ò rò pé ẹ tún máa bẹ Màmá lóru.

Mikra Ọ̀jọ́ọ̀ dáhùn:

Bàbá Oníréwáyà ti sọ ti ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀nà fún Bàbá Ìbejì.

Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń wakọ̀, Ọ̀jọ́ọ̀ sí Dùgbẹ̀. Ọkọ̀ mi ti léfòó rí. Mo rò pé orí títì ni mo ṣì wà, àfìgbà tí mo yí sítíárìn tí imú ọkọ̀ ò yí. Omi náà ò sì ga, ó kàn gun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn díẹ̀ ni. Ẹ mú rúlà àwọn ìbejì, èyí tó jẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà, kẹ́ ẹ gbé e ní òró. Omi tó ga tó ìyẹn, tó bá ń sáré, ó lè gbé ọkọ̀ kékeré. Rúlà méjì lórí ara wọn, jíìpù ńlá náà ń lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ìdajì rúlà ti tó láti yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ò sì ní rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Títì lè ti já. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà níbẹ̀, omi dọ́gba lórí rẹ̀ bíi pálọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó máa ń dúró síbẹ̀ láti ti ọkọ̀ gba owó, wọ́n á ní "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀, kò jìn." Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Tírélà bá sì kọjá, ẹ má sọ pé èmi náà á kọjá, táyà tírélà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi.

Tí ẹ́ńjìnì bá kú sínú omi, kó má tún un sítáàtì, omi á fà wọ inú, irin inú ẹ́ńjìnì á tẹ̀. Kó tú bẹ́líìtì, kó yí fèrèsé sílẹ̀ kíákíá kí iná ọkọ̀ tó kú, kó gba ojú fèrèsé jáde. Ilẹ̀kùn kì í fẹ́ ṣí tí omi bá ń tì í láti ìta.

Èyí tó sàn jù nínú gbogbo rẹ̀, kó yà sí ilé epo tó wà lórí òkè, kó sùn síbẹ̀. Mo ti sùn nílé epo nígbà mẹ́ta. Ẹ̀fọn jẹ mí, ìyàwó mi ò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́, mo délé.

Wáyà-ò-purọ́ dáhùn:

Kúkúrú ni tèmi. Tí omi bá dé àmì àkọ́kọ́, ẹ pa iná láti súìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Súìṣì pálọ̀ ò tó. Tó bá wá jẹ́ pé omi ti wọlé kẹ́ ẹ tó jí, tó ti ń sún mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má rìn wọ inú omi lọ pa nǹkan kan. Ẹ jáde, kẹ́ ẹ pe àwọn oníná pé kí wọ́n pa tíránsífọ́mà àdúgbò. Pé kò síná nísinsìnyí ò túmọ̀ sí nǹkan kan, wọ́n lè mú un dé nígbàkigbà.

Bátìrì ínfátà tí ẹ gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ gbé e sókè lónìí. Ẹ ti gáàsì pa láti orí sílíńdà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ nǹkan, torí sílíńdà tí kò kún máa ń léfòó. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọ́dọ̀ wọ kọ́rídọ̀ nítorí òjò o. Oró tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ojú oorun ló ń mú èèyàn lọ.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì dáhùn:

Ìyá Ìbejì, nọ́ńbà tí ẹ béèrè: 112 ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ 615 náà wà, ẹ̀yin ará Èkó ní 767. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri, kẹ́ ẹ má fi sínú fóònù nìkan. Bí wọ́n bá sì gbé e, ibi tí ẹ wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Àwọn èèyàn á máa pariwo "Omi ti dé! Ẹ gbà wá!", káàdì á tán, fóònù á kú, kò sẹ́ni tó mọ àdúgbò. Ẹ sọ orúkọ àdúgbò, ẹ sọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí tàbí iléèwé tó súnmọ́ yín jù, ẹ sọ iye èèyàn àti pé arúgbó tí kò lè sáré wà níbẹ̀. Ẹ máa fi kọ́ àwọn ìbejì pẹ̀lú.

Ẹ má sì jókòó de ọkọ̀ wọn. Ní òru tí omi bá gba gbogbo ìlú, aládùúgbò ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín.

Bí a ṣe ń gbé Màmá: ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo pọ̀n wọ́n gun àtẹ̀gùn tó tutù. Àga onírọ́bà tó ní apá, kí wọ́n jókòó sínú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi ìró di wọ́n mọ́ ọn ní àyà, kí ọkùnrin méjì gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ti ọ̀sẹ̀ kan, kó wà nínú náílọ́ọ̀nù kan náà pẹ̀lú gíláàsì ojú wọn àti bàtà. A máa ń gbàgbé gíláàsì.

Ẹ̀yìn omi ni èmi ń bẹ̀rù jù. Omi tó kọjá nínú ṣálángá gbogbo àdúgbò ló wọ inú kànga yín. Ẹ má mu ún, ẹ má fi fọ eyín, títí wọ́n á fi fa omi inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n á sì fi kílórìn sí i. Tí ẹ ò bá rí omi míì, ẹ sè é kó hó dáadáa. Onígbáméjì kì í fún èèyàn láyè: ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, èébì, ojú á jìn láàárín wákàtí mélòó kan. Bí ẹ ṣe ń wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù, ẹ ti máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má ṣi iyọ̀ ọ̀hún wọ̀n.

Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ ṣeré nínú omi náà. Mo mọ̀ pé wọ́n á fẹ́.

Ìyá Ìbejì Apẹ̀tẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí n jábọ̀.

Ọkọ mi dé ní Jímọ̀, ọ̀sán ló tètè gbéra nítorí ọ̀rọ̀ ilé epo yẹn, ó ní òun ò fẹ́ bá ẹ̀fọn ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, kí a tó jẹun àárọ̀, ó jókòó ti Màmá, ó sì fọwọ́ wọn kan ògiri. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá ní ta ni yóò gbé e? Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé àpótí yẹn gun àtẹ̀gùn, Màmá dúró nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pàṣẹ fún wọn bí ìgbà tí ìyàwó tuntun ń wọlé. Ìyàwó Tíṣà fi aṣọ tuntun bò ó. A tún fi àga onírọ́bà dán Màmá wò, wọ́n sì ní ká tún un gbé, ó dùn mọ́ wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò tún dé. Tíṣà àti àwọn ọmọ ìta mélòó kan ti kun òkúta ńlá tó wà létí odò. A ò tíì fi aago wọn odò tiwa, a ò tíì mọ bó ṣe ń yára tó, torí náà a gbà pé a ò ní dúró de yẹ́lò ní tiwa, funfun ni Màmá àti àwọn ọmọ á fi gòkè. Omi dé funfun láago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ Màmá, mo ń wá bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ti wọ bàtà. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ lọ wo àpótí mi."

Omi náà kọjá yẹ́lò ní bí ìka mẹ́ta, ó sì padà. Kò dé fẹ́ǹsì. Wákàtí kan ó lé díẹ̀ ló fi gun ún láti funfun, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Bàbá Oníréwáyà, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré: ọ̀dà wa ti ń ṣí lára òkúta, funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Irú èwo lẹ lò?

Bàbá Oníréwáyà:

Gílọ́ọ̀sì ni. Ẹmọ́ṣọ̀n ni wọ́n tà fún yín, òun ló máa ń ṣí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ewédò kúrò lára òkúta náà, ẹ jẹ́ kó gba oòrùn ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó kùn ún. Tí ẹ ò bá rí yẹ́lò rà, tèmi ṣẹ́kù sínú agolo kan, kí Bàbá Ìbejì yà gbà á.